Omi Àdúrà Lára Róbọ́ọ̀tì

Ìkirè, Ọjọ́bọ̀

Báńkì tún ti gbé èlé orí owó tí mo yá sókè! Ṣé wọ́n fẹ́ kí n ta ara mi ni?

Orí àkàbà ni mo wà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọlé, ní ilé-ìwé kan l'Ápòmù. Mò ń tú wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi fà síbẹ̀. Ilé-ìwé náà ti ra àwo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run. Ọ̀gá ilé-ìwé ní, "Ẹ má bínú, ayé ló yí padà." Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yáwó lọ kọ́ iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì n'Ìbàdàn.

Mo délé, mo ní kí n tan róbọ́ọ̀tì mi wò. Ọkọ̀ kékeré ni, tó yẹ kó máa tọ ìlà dúdú lórí ilẹ̀. Ọ̀la ló yẹ kí n gbé e han olùkọ́ wa. Kò mira. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀: ara rẹ̀ tutù, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ti jó, ó ń rùn.

Ìgò omi àdúrà màmá mi wà lórí tábìlì.

Wọ́n gbọ́ lánàá tí mò ń ráhùn pé kò rìn dáadáa. Àárọ̀ yìí ni wọ́n wọ́n omi sí i kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n yọjú láti yàrá. "Ṣé ó ti ń rìn?"

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Ó ti ń rìn, mà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Mo bá wọn gbè é.