Ìwé Gẹ̀ẹ́sì Tóyọ̀sí

Ìwàrà, 1969

Adétutù ọmọ mi ní Òṣogbo,

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, n kò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Má tún sọ pé kí Tóyọ̀sí ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ara wa le. Inú ọmọ ń dùn. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni kì í jẹun. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Tísà Fáṣínà tó ń kọ́ ọ máa ń pe àwọn ọmọ kíláàsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti kàwé, á sì kọ iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣì kà sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ìwọ náà máa ń kà sókè ní kékeré, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ gẹ́lẹ́. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Àfi ìgbà tí tísà gbé ìwé mìíràn fún un, ọmọ kò lè ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Tísà wá bá mi nílé. "Ìyá, orí ọmọ yìí pé, ṣùgbọ́n ẹnu yín ló ń kà, kì í ṣe ìwé."

Mo ní, "Kí ló ṣe ẹnu mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì máa jókòó tì í nírọ̀lẹ́, ó sì fi ìwé tuntun náà lé mi lọ́wọ́. Mo ń ṣí i lójoojúmọ́. Àwòrán inú rẹ̀ dára.

Èmi Àgbékẹ́ ìyá rẹ kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Obì tí mo rù lọ ọjà Òṣú ni mo fi rán ọ nílé ìwé fún ọdún mẹ́fà. Gbèsè tí o jẹ mí nìyẹn. Wá jókòó ti ọmọ yìí, kí o san án.