Àgbàdo Tó Ká Jọ ní Ushafa

Jahi,
Àbújá.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2014.

Kíkẹ́olúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, àti pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí o ń kọ́ ní yunifásítì ń lọ dáadáa. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà.

Ọ̀rọ̀ oko wa ní Ushafa ni mo fẹ́ sọ. O rántí pé nígbà tí àgbàdo hù ní oṣù kẹfà, ewé rẹ̀ ká jọ bí ẹní, kò là, kò sì ga. Mo ní irúgbìn tí Ìyáàfin Gàníyátù tà fún mi ló bàjẹ́. Ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Bàbá Kíkẹ́, irúgbìn yìí náà ni mo gbìn sóko tèmi, ó sì hù dáadáa.” Láti ọjọ́ náà, ọjà rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́.

Ìwọ lo bi mí lórí fóònù pé, “Dádì, oògùn apakoríko tí ẹ fín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?” Inú bí mi díẹ̀. Ìdérí méjì ni wọ́n kọ sára agolo oògùn náà, mẹ́rin ni mo dà sínú táǹkì, kí koríko lè tètè kú. Mi ò jẹ́wọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ṣe bí o ti wí: mo bu erùpẹ̀ oko sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mo bu ti ẹ̀yìnkùlé wa sínú èkejì, mo sì gbin irúgbìn Gàníyátù sínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejìlá tí mo gbìn wọ́n, ti ẹ̀yìnkùlé dúró ṣánṣán. Ti oko ká jọ. Ìyá rẹ wò ó, ó sì wò mí.

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ sí ìsọ̀ Gàníyátù. Mo ṣí fìlà, mo sọ lójú gbogbo èèyàn pé, “Irúgbìn yín dára. Èmi ni mo fi oògùn ba oko mi jẹ́.” Gàníyátù wo ohun tó hù nínú wọn dáadáa. Ó ní, “Ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì yẹn sílẹ̀ níbí, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i.” Ó wá fún mi ní irúgbìn mìíràn, èyí tó máa ń tètè gbó.

Òjò oṣù keje ti fọ oògùn kúrò nínú ilẹ̀ náà. Àgbàdo tuntun ti dé orúnkún mi báyìí, ewé rẹ̀ gbòòrò. Àwọn oníbàárà Gàníyátù náà ti padà. Ọkàn mi balẹ̀.

Olúwa yóò pa ọ́ mọ́, yóò sì jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn bó ti wúlò fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Titus Ọládùnjoyè.

Àfikún: Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé òun ló ń wọn oògùn báyìí. Èmi kàn ń gbé táǹkì ni.