Lẹ́yìn Tí A Bá Dúpẹ́ Tán

Ojúlé Kejìlá,
Àdúgbò Kémta,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Mojí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Ìtòrì. Báwo ni bàbá àwọn ọmọ? Ṣé ikọ́ tó ń bá a fà á láti ìgbà ọyẹ́ ti lọ? Èyítáyọ̀ ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jí lọ síṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́? Kí Olúwa máa mú un lọ, kó máa mú un bọ̀. Àwa náà wà níbí, bí a ṣe ń dàgbà ni ẹnu wa ń mú sí i.

Ọpẹ́ ni mo wá dá lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì fẹ́ fi fóònù dá a, torí o kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Ṣé o rántí bí o ṣe yọ mí lẹ́nu lọ́dún tó kọjá pé kí n lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe áàpù ìlera orí fóònù fún àgbàlagbà jókòó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa? Mo ní kí ló kan olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nínú ọ̀rọ̀ áàpù. O ní bí mi ò bá lọ, o ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo lọ. Ká ní mi ò lọ ni, bóyá ẹlòmíì ni ì bá máa kọ lẹ́tà sí ọ nípa mi báyìí.

Àwa mẹ́rìndínlógún la máa ń pàdé ní Ọjọ́bọ̀. Ọpẹ́olúwa ni orúkọ ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn, ọmọ náà sì ní sùúrù. Kò sọ pé òun wá kọ́ wa. Ó ní kí àwa kọ́ òun. A ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, ó sọ ọ́ di ńlá. A ní àwọn ibi títẹ̀ fún mọ́ra jù fún ìka tó ń gbọ̀n, ó tú wọn ká. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ifẹ̀. Ní Kémta níbí, òun la fi ń ṣe áàpù. Láràárọ̀, áàpù yìí á béèrè pé, "Ẹ kú àárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Àwa á tẹ "dáadáa" tàbí "kò dáa", Ọpẹ́olúwa á sì rí i lórí fóònù tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣàìsàn nínú wa, "dáadáa" ni gbogbo wa ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ni Bàbá Jedidiah, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ tó dàgbà jù nínú wa, bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tí kò lè dìde láìdi tábìlì mú!

Ó ní, "Ọmọ mi, kíkí lo kí wa. Ẹni tí wọ́n bá kí láàárọ̀ kùtù, kí ló fẹ́ sọ ju 'a dúpẹ́' lọ? Ṣé kí n wá máa ro ẹjọ́ orúnkún mi fún ẹni tó ń kí mi ni?"

Ó wá bi wá pé ta ni kò ní ibì kankan tó ń dùn ún. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Èmi gan-an tẹjú mọ́lẹ̀, torí ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí òyì ti ń kọ́ mi, tí ojú mi ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ mò ń tẹ "dáadáa". Ṣé kí n fi àròyé bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tí Olúwa fún mi ni?

Ọpẹ́olúwa ò bínú. Ó fa ìwé yọ, ó ní, "Bàbá, báwo wá ni kí n ṣe béèrè?" Bàbá ní kí fóònù kọ́kọ́ kí wa, kó jẹ́ kí a dúpẹ́ tán, kó bá wa ṣe àmín, lẹ́yìn náà kó wá béèrè bí ọmọ ẹni ṣe ń béèrè tó bá ti wọlé jókòó. Ohùn Bàbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà sínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tẹ "a dúpẹ́" tí wọ́n ti fi rọ́pò "dáadáa". Ohùn Bàbá ní, "Àmín. A bá yín dúpẹ́. Ó yá, ibo ló wá ń dùn yín?" Orí, ojú, òyì, ẹsẹ̀, gbogbo wọn tò sójú fóònù. Mojí, omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ òyì, mo tẹ ojú. Mi ò tíì mu ògì mi tán tí Ọpẹ́olúwa fi gbé mọ́tò dé, tó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru débi pé dókítà ní kí n má tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní díẹ̀ ló kù kí apá kan ara mi rọ. Mò ń lo oògùn báyìí, ara mi sì ti balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn àti Bàbá, ṣùgbọ́n ìwọ lo fi agídí tì mí débẹ̀. O ṣeun, o ṣeun, ọ̀rẹ́ mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Nínú lẹ́tà tí o kọ kẹ́yìn, o ní, "Ara le, a dúpẹ́." Àmọ́ ìwọ tí olùkọ́ wa máa ń pè wá kọ ojú pátákó fún gbogbo kíláàsì nítorí ìkọ̀wé rẹ, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n nínú lẹ́tà yẹn, ìlà rẹ sì ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ó kù díẹ̀ kó ṣẹ sí mi lára. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọkọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oòrùn tó mú. Má wulẹ̀ se nǹkan kan.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Èyítáyọ̀. Bàbá Jedidiah ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ọ rí.

Àmín sí gbogbo ọpẹ́ rẹ, Mojí. Ó yá, ibo ló ń dùn ọ́?

Èmi ni tìrẹ, tí kò ní gba "dáadáa ni" lẹ́nu rẹ mọ́,
Beatrice.