Orúkọ Tí Akéwì Ọba Béèrè

Padova, Ítálì,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Kọ́lápọ̀,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo nírètí pé ara yín le, àti pé Màámi ti ń jẹun dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ọsibítù. Èmi náà wà. Òtútù ló kàn fẹ́ pa èèyàn níbí.

Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo wá gba dìgírì ní Padova, mo wá di ẹni tí ń fọ eyín fún arúgbó. Ẹ rọra o. Baba tí mò ń tọ́jú kì í ṣe arúgbó lásán. Akéwì ọba ni wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá bímọ láàfin, bí wọ́n bá gbéyàwó, Baba ló ń kọ ewì rẹ̀. Ewì ìdárò ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ jù. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí náà, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láyé ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pamọ́.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ń gbé ní Padova níbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò tíì fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, wọ́n béèrè orúkọ Signora Elda tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, wọ́n kọ ewì kan, wọ́n fi sínú fáìlì búlúù. Lọ́jọ́ kẹta, Elda kú. Mo ní àgbà ṣáà ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè orúkọ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ní piazza, gbàgede àárín ìlú, ẹni tí kò jù yín lọ. Òun náà ò lo ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ẹ̀rù bà mí, Bọ̀dá.

Láàárọ̀ òní, kùrukùru bo fèrèsé, a ò rí tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, tó ń kọjá, agogo rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Mo ń gbàdúrà fún Màámi nídìí ọbẹ̀. Baba ṣí kálàmù wọn, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Kí lorúkọ ìyá rẹ?”

Wọ́n tún un béèrè. Ẹ mọ̀ mí, n kì í gbàdúrà kí n má dárúkọ. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Orúkọ tèmi ni mo pè fún wọn dípò ti Màámi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run á bá wa dá Màámi sí, á ṣọ́ yín ní ìjáde àti ìwọlé, ojú á sì rí ara.

Èmi àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Olúfúnkẹ́

Àfikún: Baba parí ewì náà kí n tó lẹ lẹ́tà yìí. Wọ́n kà á fún mi, ó dùn débi pé mo sunkún. Ní ìparí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró ní pápákọ̀ òfurufú nínú aṣọ dúdú, ó mú lẹ́tà mi dání, ó ń retí mi. Bọ̀dá, n ò sọ fún Baba rí pé mo ní ẹ̀gbọ́n.