Kóòṣì Tí Mo Fi Ẹnu Mi Gbà Síṣẹ́

                                                  Yàrá 214, Ilé Ledbetter,
                                                  Yunifásítì Marlow,
                                                  Marlow Springs, Alabama.
                                                  Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Thurman ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù àríwá, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú jíjí ní kùtùkùtù, nítorí Màmá ní kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni wọ́n ti ń pariwo jí yín ní ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi tí ẹ wà yẹn. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó máa ń dùn yín kò dà yín láàmú nínú eré sísá? Ṣé oúnjẹ wọn ń yó yín? Gbogbo wa nílé ń bẹ lálàáfíà. Ajá yín ṣì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, ó kọ̀ kò lọ síbòmíràn. Ara tèmi náà yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì mọ́kànléláàádọ́ta ni mo gbà nínú ìdánwò kẹ́mísírì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ fún Màmá.

Ìgbà kẹta tí mo ń kọ lẹ́tà yìí rèé. Mo ya méjì àkọ́kọ́ nítorí ó ń ṣe mí bíi pé ẹjọ́ ni mò ń rò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé ẹ kò tíì gbọ́, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Ẹ wá ibi jókòó sí ná. Wọ́n ti lé Kóòṣì Stancil.

Stancil náà ni o, ẹni tó gba ife bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré, fún ilé-ìwé wa lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí Bàbá àgbà gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó tiwọn. Yunifásítì Pickett ló tún nà wá, ẹ̀ẹ̀kẹta léra wọn, mọ́kànlélógójì sí mẹ́ta, lórí pápá tiwa. Kí àwọn ènìyàn tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ti ní kó máa lọ. Pásítọ̀ rí i bí fóònù ṣe ń tàn nínú ìjọ, ó kàn ṣe ààmín ni, ó jókòó.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nílùú yìí. Dókítà eyín tí mo lọ bá, ìgbà tó ki irin bọ̀ mí lẹ́nu tán ló ń bi mí pé ta ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n mú, ó sì dúró, ó ń retí èsì. Ọ̀nà méjì ni ìlú pín sí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi Deason, igbákejì Stancil, sí i. Ọmọ ìlú ni, ó mọ orin ilé-ìwé wa sórí. Àwọn yòókù ní àfi Brandvold, kóòṣì ńlá tó wà ní Oregon lọ́hùn-ún, tó máa ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tí kì í bọ́ fìlà funfun rẹ̀ tí kò lórí, tó jẹ́ pé apá iwájú tó ń ṣíji bo ojú nìkan ló ní.

Ẹ ó ti mọ apá ibi tí Bàbá àgbà wà. Deason ni tiwọn. Ṣùgbọ́n Baba Orval Tidwell, ọ̀rẹ́ wọn, ní Brandvold làwọn fẹ́. Àwọn méjèèjì yìí kan náà tí àga wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọdún méjìdínlógójì, tí wọ́n jọ ń ti ọwọ́ bọ inú àpò ẹ̀pà sísè kan ṣoṣo! Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, lábẹ́ àgọ́ wa nídìí igi óòkù, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Bàbá àgbà ní, "Orval, ọmọ ilé ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò."

Baba Orval dá wọn lóhùn pé, "Hoyt, bó bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí òjò fi ń pa wá láti ọdún mẹ́ta? Ṣé kì í ṣe inú ilé náà ló wà ni?"

Gbogbo àgọ́ hó. Bàbá àgbà ní, "Ẹni tí kò mọ̀ pé a kì í fi ṣúgà sí búrẹ́dì àgbàdo ni ìwọ fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́?"

"Ṣé búrẹ́dì ló fẹ́ wá yan ni, àbí bọ́ọ̀lù ló fẹ́ wá kọ́ wọn? Ìwọ bàbá yìí, ohun tó bá ti gbó bíi tìrẹ nìkan ló máa ń wù ọ́."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Bàbá àgbà ti wá sọ ọ́ pé, "Ká ní Nelda wà láàyè, ojú ìbá tì í fún ọ."

Ẹ̀rín gé. Ẹ mọ̀ pé kò tíì pé ọdún méjì tí Màmá Nelda, ìyàwó wọn, kú, tí Baba Orval sì ti ń dá gbé. Wọ́n dìde, wọ́n ká àga wọn, wọ́n gbé e há abíyá, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá pé kí wọ́n má retí àwọn ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí a jọ máa ń jẹun, pé oúnjẹ wà nílé àwọn. Màmá ní àwo wọn yóò wà lórí tábìlì síbẹ̀. Bàbá àgbà ṣe bí ẹni pé kò kan àwọn, ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún báyìí, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yíjú.

Ó dùn mí ju bó ti yẹ lọ, nítorí Baba Orval ló gbé àpótí mi gun àtẹ̀gùn mẹ́ta lọ́jọ́ tí mo kó wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àwọn náà ló bá mi wáṣẹ́ sí pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré ìlú wa, níbi tí mo ti ń po kọfí tí mo sì ń nu àga ní òwúrọ̀ Túsìdeè àti Sátidé.

Ẹ sì mọ ìwà wa. Láti ọjọ́ tí Stancil ti lọ ni àwọn ènìyàn ti gbé àga wá sídìí ọgbà pápá náà, àwọn pẹ̀lú awò amúǹkan-súnmọ́ni àti tíì tútù, tí wọ́n ń ka nọ́ńbà tó wà nídìí bàálù kọ̀ọ̀kan. Kò sí bàálù tó balẹ̀ tí wọn kì í sọ pé kóòṣì wà nínú rẹ̀. Dókítà ojú kan di kóòṣì láti Texas lẹ́nu wọn fún wákàtí méjì gbáko.

Ní Túsìdeè tó ṣáájú Ọjọ́ Ìdúpẹ́, òjò ń ṣú, àwọn tó wà nídìí ọgbà ti lọ jẹun. Bàbá kan wọlé, ó ga, irun rẹ̀ funfun, ó dé fìlà funfun tí kò lórí, fáìlì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Mo wo ìwé bàálù tó gbé e wá: Oregon. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wa. Ǹ bá bi í pé kí ni orúkọ yín, sà. N kò bi í. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ Brandvold ni, Baba Orval ti borí nìyẹn, ọkàn wọn yóò rọ̀, wọn yóò wá bá wa jẹun. Kí n má parọ́ fún yín, ó tún wù mí kí èmi náà jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ mọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti oṣù Kẹjọ tí mo ti dé ilé-ìwé yìí, bíi pé mo ṣèèṣì wọ kíláàsì ẹlòmíràn ló máa ń rí lára mi. Mo pe Baba Orval.

"Corliss, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, sà."

"Ó parí!" Wọ́n ti já fóònù.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí bàbá náà tó mu kọfí rẹ̀ tán, mo ti ń gbọ́ ohùn Baba Orval lórí rédíò pé ọmọ kan tó ṣeé gbọ́kàn lé ló sọ fún àwọn. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ó kéré tán ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn ló ti dúró síta pẹ̀lú aṣọ pupa. Ọmọ ẹgbẹ́ afọnfèrè ilé-ìwé márùn-ún gbé fèrè ràbàtà wọn dé. Obìnrin kan gbé kéèkì.

Bàbá náà yọjú lójú fèrèsé. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni wọ́n wá pàdé?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kẹ̀?" Ṣùgbọ́n ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó jáde, ó juwọ́ sí wọn. Baba Orval wà lókè lẹ́yìn ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù wọn, wọ́n na fìlà pupa sí i. Ó gbà á, ó bọ́ tirẹ̀, ó sì dé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, kóòṣì tó bá ti dé fìlà pupa ní gbangba, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ariwo tó sọ, mo rò pé gíláàsì yóò fọ́. Ẹni orí rédíò ń ké pé, "Ó ti dé e! Ó ti dé fìlà o!"

Bàbá náà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ṣí fáìlì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé púpọ̀. Halvorsen lorúkọ mi, oníṣòwò igi ni mí. N kò mọ̀ pé igi Kérésìmesì jẹ yín lógún tó báyìí." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwòrán igi fún wọn.

Ọ̀kan nínú fèrè ràbàtà náà kàn dá ké "pòòò." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, tí gbogbo ojú sì yí sí Baba Orval. "Baba Tidwell, ṣé igi náà lè sáré?" "Ẹ fi í sẹ́yìn, ó ṣáà ga!" Baba Orval rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí mi láti inú gíláàsì. Wọn kò bá mi wí, wọn kò sì na ìka sí mi. Nígbà tí ẹni orí rédíò bi wọ́n pé ọmọ wo ló sọ fún wọn, wọ́n ní, "Ojú mi ló tàn mí."

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́rú kọjá, yẹ̀yẹ́ wọn lórí rédíò kò dáwọ́ dúró, wọ́n ti fi ṣe orin. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́, mo wọ inú yàrá yín nílé, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rédíò lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó jẹ́ kó dún. Mo ní, "Corliss Vickery ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní Marlow. Èmi ni mo sọ fún Baba Tidwell. Wọn ò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ẹni orí rédíò ní, "Ọmọ ọdún kìíní, kí ló jẹ́ kí o rò pé kóòṣì ni?"

Mo ní, "Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù." Mo gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ṣubú lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá àgbà dúró nínú kíṣìnì, ọ̀bẹ tòlótòló wà lọ́wọ́ wọn, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ń retí ìbáwí. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ bàtà rẹ."

A wa ọkọ̀ dé ilé Baba Orval. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ wò ó, igi Kérésìmesì kan wà ní pálọ̀ wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ọkọ̀ akẹ́rù Halvorsen ló wọ̀lú lọ́jọ́rú, ó sì ní ẹni tó pàdé òun tayọ̀tayọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gba igi àkọ́kọ́. Àpótí nǹkan ọ̀ṣọ́ Màmá Nelda wà ní ṣíṣí nílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tí wọ́n ti lọ.

Bàbá àgbà wo igi náà títí. Wọ́n ní, "Ó wọ́ sápá òsì díẹ̀."

"Ojú rẹ ló wọ́."

Bàbá àgbà ṣí fìlà. "Orval, ọ̀rọ̀ Nelda ọjọ́ yẹn, kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Má bínú."

Baba Orval ń yí bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré kan nínú ọwọ́ wọn. Wọ́n fi kọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n ní, "Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Deason ni Nelda ìbá fẹ́. Kò gba tèmi rí."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, Bàbá àgbà sì ní kí wọ́n gbé aṣọ òtútù, tòlótòló ń tutù. Nídìí tábìlì, a ti dé orí páì kúkúǹdùkú kí Bàbá àgbà tó wo ojú fèrèsé, tí wọ́n sì rọra sọ pé, "Orval, bàálù kan ló ń kọjá yẹn." Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ tu omi ẹnu wọn lé wa lórí.

Àti kóòṣì ńkọ́? Ní Fúráìdeè ni wọ́n kéde rẹ̀: Yoder, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Kansas. Ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló fúnra rẹ̀ wà wá. Òwúrọ̀ méjì ló fi jẹ ẹyin dídín ní ilé oúnjẹ iwájú pápá ọkọ̀ òfurufú, láàárín àwọn tó ń wòkè nìkan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà àti Baba Orval kò fẹ́ rí i sójú. Láti ọdún méjìdínlógójì, n kò rò pé ẹnu wọn tíì ṣọ̀kan tó báyìí rí. Lánàá, wọ́n jọ jókòó síwájú ilé wa pẹ̀lú àpò ẹ̀pà kan, wọ́n ń ka gbogbo ọ̀nà tí Yoder yóò gbà bà wá jẹ́.

Ní ti èmi, "Oregon" ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Nígbà tí mo padà dé lónìí, mo fẹ́ gbé oúnjẹ mi lọ sí yàrá bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n Jessamyn, ọ̀kan nínú àwọn onífèrè ràbàtà ọjọ́ náà, pariwo pè mí nínú ilé oúnjẹ: "Oregon! Àyè wà níbí o!" Mo jókòó tì wọ́n. N kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá mo tó ẹni tó ń gbé ibí, ṣùgbọ́n mo jẹ oúnjẹ mi tán. Jessamyn mọ kẹ́mísírì. Ó ní ká jọ kàwé ní Túsìdeè.

Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan náà. Ẹ tètè kọ̀wé, ṣùgbọ́n bí Yoder bá wù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí Bàbá àgbà yóò kà. Ewé tóóró tó wà nínú àpò ìwé yìí, Baba Orval ló já a fún mi lára igi wọn. Wọ́n ní kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, pé kóòṣì kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú yìí fohùn ṣọ̀kan lé lórí rí nìyẹn.

                                                  Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín nílé,
                                                  Corliss (Oregon).