Ìjọba Ò Tíì Wá Kí Wa

Maimunat ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó gba bàbá yín lọ́wọ́ wa ò ní gba òmíràn kún un. Òtútù Àbújá ò ní wọ̀ ọ́ légungun o. Ara tèmi ṣì wà níbẹ̀, à ń dúpẹ́.

Lẹ́yìn fídáù bàbá yín, mo wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọ̀jọ́, mo wá ọ́fíìsì ìjọba kan kàn lọ́nà Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà yẹ àwọn arúgbó wò, kí n lè túfọ̀ fún ìjọba. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé kò síbò tí bàbá yín kì í dì, àní lọ́jọ́ tí òjò fẹ́ gbé wa lọ. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá kú, ìjọba á mọ̀ pé èèyàn àwọn dín kan.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba káàdì tí ìjọba fún bàbá yín, ó ní kí n wojú kámẹ́rà, pé ìjọba fẹ́ rí mi. Háà! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, kí n máa ranjú mọ́ àgbà? Mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò. Ó ní gèlè nìkan lòun ń rí, kí n dìde. Mo ní kó jẹ́ kí n jíṣẹ́ mi ná. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún kámẹ́rà: bí ikọ́ ṣe mú un, bá a ṣe bá ilé ìwòsàn abúlé wa ní títì pa, bó ṣe dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ lórí omi. Ojú ọmọ náà pọ́n. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́, kí n máa lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbálẹ̀ láràárọ̀, mo gbé àga bàbá yín síta de ìjọba. Ṣé ẹni tó fẹ́ràn ẹni á gbọ́ òkú kó má wá kí ẹni? Ìyá Tọ́pẹ́ tá a jọ ń jà lórí ààlà ilẹ̀ wá, ó tún sunkún jù mí lọ. Mo ní ọ̀nà ló jìn sí ìjọba, wọ́n á dé.

Àná ni fóònù bàbá yín dún. Tíṣà Akínṣọlá bá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé. Ìjọba ní Àsánì, bàbá yín, kú oríire, àwọn ti rí i, àwọn sì ti mọ̀ dájú pé ó wà láàyè. Akínṣọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, ó gbé e mì. Mo bú sẹ́kún. Gbogbo ìgbà tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi dókítà sábúlé, wọn ò rí i. Ìgbà tó dénú sàréè ni wọ́n wá rí i.

Jọ̀ọ́ ọmọ mi, fowó káàdì ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá yín, kí láìnì rẹ̀ má baà kú. Nígbà tí ìjọba ti mọ ibi tó wà, bóyá wọ́n á bá mi sọ fún un pé àga rẹ̀ ṣì wà níta, kò tíì sẹ́ni tó jókòó lé e.

Wàá pẹ́ láyé, wàá sin mí. Ìjọba á sì rí ìwọ nígbà tí ojú rẹ ṣì là sílẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Fáòsíátù.