Ìwé Ìṣọ́wóná Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Wa

Àkọ́bí mi obìnrin,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú ilẹ̀ dáadáa. Bí ó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, kí àga abẹ́ rẹ má yẹ̀. Èmi bàbá rẹ ni mò ń kọ ọ́, ẹ̀yìn bébà tí o fi rán awakọ̀ sí wa lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo sì ń kọ ọ́ sí, torí bébà náà fúnra rẹ̀ ló ní kí a má fi ohunkóhun ṣòfò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ rántí ohun tí o kọ́ wa, yí i padà kí o kà á. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kó má jẹ́ kí ojú ọ̀gá rẹ le sí ọ. Ara tèmi yá. Ti ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìkánjú sọ ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí bébà yẹn dé, ìyá rẹ kọ́kọ́ nu tábìlì kó tó gbé e lé e, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún àlejò. Ó ní ọmọ òun ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná. Èdè tí ẹ fi kọ ọ́ ga ju tiwa lọ, ni a bá pe Tíṣà ìdí ilé wa, èyí tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án tí kò sì tíì yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó ní àkọlé rẹ̀ ni ọ̀nà méjìlá tí ìdílé fi lè dín ìnáwó kù lásìkò ọ̀wọ́n. Mo yínmú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹni tó ń fi ọṣẹ kan ṣoṣo wẹ̀, tó ń fi í fọṣọ, tó ń fi í fọ àwo, tó tún ń lẹ èyí tó ṣẹ́kù mọ́ ọṣẹ tuntun, kí lẹ tún fẹ́ kọ́ onítọ̀hún? Mo ní ẹni tó kọ ọ́ yìí ń kọ́ ẹja ní omi wíwẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni Tíṣà fi ìka tọ́ka sí orúkọ rẹ nísàlẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó kà ni pé kí a yé jẹun níta. Mo bi í bóyá ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó ní bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé láti kékeré rẹ, abẹ́ fèrèsé lẹ́yìn ilé la ti ń jẹun alẹ́, lórí bẹ́ǹṣì tí mo kàn, torí atẹ́gùn. A gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi jẹun nínú ooru, tí òógùn ń kán sínú àwo mi, tí ìyá rẹ ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ mi. Títí di òní mi ò mọ iye tí a rí jèrè níbẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń bá wa jẹ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a ò mọ̀. Omi tí mo sì ń mu ti di ìlọ́po méjì.

Ohun kẹrin ni pé kí a ra gílóòbù tó ń tọ́jú iná. Owó tí mo fi ra ẹyọ kan, ó tó ra márùn-ún nínú èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó fẹ́ kórè gbọ́dọ̀ gbìn. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo ń wò ó lálaalẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, mo ní ohun tó ti tọ́jú yóò ti pọ̀ díẹ̀, mo tú u, mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Mo tò sórí ìlà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wá ní àtàrí. Akọ̀wé wọn jókòó sẹ́yìn gíláàsì kan tí wọ́n lu ihò kékeré sí, ihò náà wálẹ̀ débi pé o gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ kí o tó lè bá a sọ̀rọ̀. Mo ní mo gbé gílóòbù mi wá kí wọ́n bá mi tú iná inú rẹ̀, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún mi. Ó wo gílóòbù, ó wò mí, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Ó ní Bàbá, iná tó ń tọ́jú ni èyí tí ẹ ò lò. Mo ní mo gbọ́, èyí tí a ò lò náà dà. Ó ní ọwọ́ àwọn ló wà. Mo ní ìyẹn ni pé èmi fi owó mi ra gílóòbù, èmi ò lo iná, iná tí mi ò lò sì wà lọ́wọ́ yín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti olè. Ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Irú àwọn ènìyàn tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ní ká máa ra gílóòbù nítorí wọn nìyẹn.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ohun kẹjọ ni kì í ṣe ẹ̀rín. Tíṣà kà á pé ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, kí a gbìyànjú láti lo ìdajì rẹ̀, a ó rí i pé ó tó. Ìyá rẹ ní kó tún un kà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń la gbogbo nǹkan sí méjì: kànìnkànìn, ọṣẹ, kódà ó ń fi abẹ la igi ìṣáná. Mo ń yìn ín. Mo ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìyàwó mi ti gboyè láìlọ sílé ìwé. Mi ò mọ̀ pé ó ti ń fi àlùmọ́gàjí ìránṣọ rẹ̀ gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìwọ ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù sí méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń fá pákó ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilé, òun ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì nínú yàrá. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Mo ní bóyá òwú ló já. Nígbà tí mo fá pákó náà dé ìdí tí ẹ̀rọ kò tíì dún, mo wọlé. Orí rẹ̀ wà lórí aṣọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ́ ohun tó ń sọ fún un mọ́. Ọkọ̀ tí alápatà fi ń kẹ́ran la gbé e sí. Alápatà fi aṣọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún un, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kò ní ìtùnú, bi í pé hóró mélòó ló ń lò lóòjọ́. Ó ní ìdajì. Nọ́ọ̀sì ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ òun ni. Mo bá fa bébà rẹ yọ nínú àpò mi kí o lè jẹ́jọ́ rẹ níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà á tán láti òkè délẹ̀, ó ní kò sí oògùn nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti iná ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, kí lẹ̀yin ń lo ìdajì rẹ̀? Ọmọ mi, ṣúgà mẹ́ta ni mo fi mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tí a délé, mo bínú sí ìyá rẹ. Mo ní báwo ni àgbàlagbà ṣe máa gbọ́ ìdajì tí yóò ki àlùmọ́gàjí bọ oògùn. Ó ní kì í ṣe bébà. Ó ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù nílùú ńlá tó wá ń wá ọ̀nà méjìlá láti ṣọ́ ọṣẹ lò, nǹkan ń ta ọmọ náà lábẹ́ aṣọ tí kò lè sọ. Ó ní bí òun bá lo ìdajì, oògùn oṣù kan yóò di ti oṣù méjì, ìwọ yóò sì lè mí díẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ ọ́. Dídákẹ́ ló gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, mò ń bi ọ́, má sì fi ìwé tí wọ́n tẹ̀ dá mi lóhùn: ṣé ebi ń pa ọ́ níbẹ̀? Bí ó bá ń pa ọ́, sọ ọ́, kí o máa bọ̀ nílé. Bí kò bá pa ọ́, fi owó oògùn odidi oṣù ránṣẹ́, èyí tó wà nínú páálí aláwọ̀ búlúù, àti owó tí nọ́ọ̀sì yóò gbà láti máa bá ìyá rẹ na ọwọ́ náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Awakọ̀ ni kí o fún. Má fi sí báńkì, torí báńkì ń yọ owó mi láti fi ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti yọ owó mi. Bí owó náà kò bá sì sí, sọ bẹ́ẹ̀, kí n ta àwọn pákó tí mo tọ́jú fún ibùsùn ìgbéyàwó rẹ. Ọkọ náà kò kúkú tíì yọjú.

Ìyá rẹ ti lè di ife mú báyìí. Lánàá ó di abẹ́rẹ́ mú, kò rí òwú ki bọ̀ ọ́, ni mo bá gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbìyànjú kó tó wọlé, ó sì fi mí ṣẹ̀sín gan-an. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé bébà náà dára, pé ọmọ tó kọ ọ́ gbìyànjú. Mo ti kọ ọ́, torí ó jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi.

Kí Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa gbọ́ tìrẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò bọ́ ọ, yóò ṣẹ́kù, àwa náà yóò pẹ́ láyé láti bá ọ jẹ ẹ́. Má jẹ́ kí ó pẹ́ kí o tó fèsì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.